Ohun Tí Ẹ̀rù Ojú Èèyàn Gbà Lọ́wọ́ Mi

Lálúpọn,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Fọlákẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Kí awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà tó mú un wá tó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn pé ara rẹ le, pé òrùlé yàrá tí o gbà ní Ẹgbẹ́dá kò jò. Ṣùgbọ́n ìdajì ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn ló mú mi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mi ò tíì rán nǹkan kan láti ìgbà náà.

O ní àwọn ọmọ kíláàsì kò yọ ọ́ lẹ́nu, pé yàrá àwọn olùkọ́ ni. O ní tí o bá ti gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọwọ́ rẹ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á há sí ọ lọ́fun. O ní láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n ní kí o gbàdúrà níwájú gbogbo ilé-ìwé, ṣe ni o lọ bì lẹ́yìn ilé, o sì sọ fún ọ̀gá rẹ pé ibà ló ń ṣe ọ́. O wá ń béèrè bóyá kí o kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí o wá jókòó tì mí níbí, kí a jọ máa ránṣọ.

Rárá, ọmọ mi. Má kọ ọ́. Mi ò sì fẹ́ kọ ìdáhùn yẹn fún ọ lásán láìsọ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bàbá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú ilé wa, wọ́n sì ti gbé e lọ sí sàréè. Wá ibi jókòó kí o tó kà á.

O rántí Ṣẹ́gun, àbúrò rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà náà, ìwọ lo máa ń pọ̀n ọ́n kiri àgbàlá. Ohun tí a sọ fún ọ ni pé ibà ló pa á, àti pé àwọn ará dìsípẹ́ńsárì kò pè wá títí ẹ̀pa kò fi bóró mọ́. Ibà ni lóòótọ́. Irọ́ ni ìyókù, èmi ni mo sì pa á.

Láti kékeré ni ojú èèyàn ti ń bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe ìtìjú tí wọ́n fi ń yin ọmọbìnrin. Ìtìjú a máa lọ tí èèyàn bá ti mọ ará ibẹ̀ tán. Tèmi kì í lọ. Tí mo bá fẹ́ ra iyọ̀, màá dúró lókèèrè títí gbogbo èrò fi máa kúrò nídìí ìsọ̀. Ìdí tí mo fi kọ́ṣẹ́ ìránṣọ nìyẹn, nítorí aránṣọ lè dojú kọ máṣíìnì, kó kẹ̀yìn sí ayé. Wọ́n ń pè mí ní oníwà jẹ́jẹ́. Bàbá rẹ pàápàá sọ pé ìwà jẹ́jẹ́ mi ló fa àwọn mọ́ mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn: mo sọ àrùn ní orúkọ ìwà rere.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bàbá rẹ wà lóko kòkó, ìwọ ti lọ sílé-ìwé. Ara Ṣẹ́gun gbóná bí agbada. Mo pọ̀n ọ́n, mo wọ ọkọ̀ lọ sí dìsípẹ́ńsárì ìlú kejì. Èrò ti kún ibẹ̀ dé abẹ́ igi ọdán. Nọ́ọ̀sì kan ló ń kọ orúkọ wa sí káàdì, ọkùnrin akọ̀wé kan tó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn ló ń pè é. Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Nígbà tó yá, akọ̀wé náà pe, "Ṣeun Àjàyí!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè é, "Ṣeun Àjàyí dà?"

Orúkọ tiwa ni Ṣẹ́gun Àjàdí. Ìyá àgbà kan tó fi ìborùn funfun borí jókòó tì mí. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi, wọ́n ní, "Ìyá ọmọ, ṣé kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń pè? Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn lo tẹ̀ lé."

Mo ní, "Rárá, Ìyá. Kì í ṣe èmi."

Fọlákẹ́, mo mọ̀ pé èmi ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n mo wo gbogbo ojú tó wà láàárín èmi àti ilẹ̀kùn yẹn, mo sì rò ó pé tí mo bá dìde tí kì í bá ṣe èmi, wọn á fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n dúró kó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Kò pè é. Ó fi káàdì náà sí ìsàlẹ̀ àwọn tó kù.

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí gìrì mú ọmọ. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo fi ìró bò ó, kí èrò má baà yíjú sí wa. Ìyá àgbà yẹn ló fò dìde tó kígbe pé, "Ẹ gbà wá o! Ọmọ ń lọ o!" Obìnrin tí kò mọ orúkọ ọmọ mi ló kígbe fún un. Dìsípẹ́ńsà, ẹni tó ń ṣètọ́jú níbẹ̀, sáré jáde, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọlé. Nígbà tó tún jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó yẹ àwọn káàdì wò, ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá, wọ́n ti pè yín láti àárọ̀. Níbo lẹ wà?"

Mo ní, "Wọn ò pè mí."

Àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Mo dákẹ́, ọmọ mi sì dákẹ́.

Kò parí síbẹ̀. Ohun tí mo sọ fún dìsípẹ́ńsà náà ni mo sọ fún bàbá rẹ. Wọ́n fi ìbínú lọ bá àwọn aláṣẹ. Àwọn aláṣẹ rán ẹnìkan wá sílé wa láti gbọ́ tẹnu mi. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń mi orí sí gbogbo ohun tí bàbá rẹ ń sọ. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti lé akọ̀wé náà lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn mi ò jáde mọ́ àfi sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ ni mò ń rán lọ sọ́jà, ìwọ ni mò ń rán sí oníbàárà, ìwọ lò ń bá mi dá àlejò lóhùn lẹ́nu ọ̀nà pé, "Màmá mi ń sùn." Mo sọ ọmọ ọdún mẹ́jọ di ẹnu ara mi. Dárí jì mí, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo bi ara mi bóyá níbẹ̀ lo ti kọ́ ọ pé ẹnu ọ̀nà jẹ́ ibi ìbẹ̀rù.

Jẹ́ kí n bọ́ sórí ìtọ́jú wàyí. Àwọn èèyàn á máa sọ oríṣiríṣi fún ọ. Èmi ti gba oríṣi márùn-ún, mo lè fi wọ́n wéra fún ọ.

Èkínní ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀: "Ṣọkàn gírí!" Àwọn ìyá ìjọ ló fún mi nínú rẹ̀, wọn kò sì ní èrò ibi. Lójú tiwọn, tí wọ́n bá tì mí síwájú èrò lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rù náà á kú. Lọ́jọ́ ìkórè, láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀, wọ́n pe orúkọ mi pé kí n wá jẹ́rìí, wọ́n sì fà mí lọ́wọ́ dé iwájú. Ẹnu mi là, ohùn kò jáde. Mo sá jáde láìwọ bàtà, ó sì tó ọdún méjì kí n tó tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tì ọ́ sódò kí o lè mọ̀wẹ̀, kọ́kọ́ bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé òkú jáde nínú omi.

Èkejì ni oògùn oníhóró. Nígbà tí bàbá rẹ rí i pé mo ti ń gbẹ, wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn. Mi ò ní purọ́, oògùn náà ṣiṣẹ́. Àyà mi kò já mọ́. Ṣùgbọ́n ó pa nǹkan mìíràn náà lára mi: mi ò lè sunkún, mi ò lè rẹ́rìn-ín, mo sì rán apá aṣọ oníbàárà kan ní òdì láìmọ̀. Lọ́sẹ̀ tí oògùn tán tí òjò ba ọ̀nà jẹ́, ẹ̀rù náà padà wá, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé, "Màmá, oògùn yìí lè fún ara yín ní ìsinmi. Kò lè kọ́ ẹnu yín ní ọ̀rọ̀." Tí dókítà bá kọ ọ́ fún ọ, lò ó bó ṣe wí. Má ra ti inú ọjà. Má sì rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ìtọ́jú parí sí.

Ẹ̀kẹta ni ìjókòó sọ̀rọ̀. Dókítà yìí kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tòkè òkun dé, máa ń jókòó tì mí ní Ọjọ́bọ̀, á máa bi mí nípa ìgbà èwe mi. Ibẹ̀ ni mo ti rántí bí bàbá mi ṣe máa ń gbé mi dúró sórí àpótí kí n ka Sáàmù fún àlejò, àti bí wọ́n ṣe ń nà mí lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ, tí mo bá ṣì í kà. Mo sunkún níbẹ̀ títí ojú mi fi wú. Ó ṣe mí lóore, nítorí mo wá mọ̀ pé wọn kò dá ẹ̀rù yìí mọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Lálúpọn, ẹ̀yìnkùlé ni màá tún gbà wọlé kí n má baà kí ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ ẹni tó ta ọfà náà, ọfà sì wà lára mi síbẹ̀. Ẹ̀bi mi náà wà níbẹ̀. Ó tó ọdún kan tí mo fi ń sọ nípa bàbá mi, mi ò sì mẹ́nu ba akọ̀wé náà rí. Ẹlẹ́gùn-ún ẹsẹ̀ ní í tiro tọ alábẹ lọ. Èmi tiro débẹ̀ tán, ẹsẹ̀ tí kò ní ẹ̀gún ni mo nà sí i.

Ẹ̀kẹrin, ní ilé ìwòsàn náà, wọ́n tún kó àwa mẹ́fà jọ, àwa tí ẹ̀rù kan náà ń ṣe, kí a máa bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó dára láti mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi jókòó láìsọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, kápẹ́ńtà, tí ẹnu rẹ̀ dùn ju ti gbogbo wa lọ. A kò mọ̀ pé ògógóró ló ń mu kó tó wá. Nígbà tó yá, kò lè kí ìyàwó rẹ̀ pàápàá láìmu. Ó kú kí ọdún tó yí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ife kan ṣe ìgboyà fún ọ.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tó ṣiṣẹ́ fún mi jù lọ, ni èyí tí mo kórìíra jù lọ. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn náà, Àdùnní lorúkọ rẹ̀, ló fún mi ní ìwé kan, ó ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo ń sá fún sí i, kí èyí tó rọrùn jù wà nísàlẹ̀, kí èyí tó burú jù wà lókè. Ìsàlẹ̀ pátápátá, mo kọ pé: kí n kí ìyá ẹnu ọ̀nà kejì, kí n sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n ra iyọ̀ nígbà tí èrò wà nídìí ìsọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n ná ọjà kí n má rà á. Báyìí ni mo kọ ọ́ lọ sókè.

Mo ní kí n máa fi ìborùn bojú díẹ̀ tí mo bá ń lọ. Ó ní, "Ẹ bọ́ ọ, Màmá. Tí ẹ bá lọ pẹ̀lú ìborùn, ìborùn lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Mo ní ara mi ni mo máa ń wò tí mo bá wà láàárín èèyàn, bí ọwọ́ mi ṣe ń gbọ̀n, bí ohùn mi ṣe ń dún. Ó ní, "Aránṣọ ni yín. Ẹ wo ọrùn aṣọ wọn, kí ẹ wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe rán an." Ó tún kọ́ mi pé kí n má kúrò níbi kankan nígbà tí àyà mi bá ń já, kí n dúró títí yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí mo bá sá, ẹ̀rù náà á gbà pé òun ló borí. Kí n tó jáde, màá kọ ohun tí mo rò pé wọ́n máa ṣe sí mi. Tí mo bá dé, màá kọ ohun tí wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ iyọ̀, mo kọ ọ́ pé: "Wọn á fi mí rẹ́rìn-ín." Nígbà tí mo dé, mo kọ ọ́ pé: "Ó fún mi ní ènì."

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó gbà ju ọdún kan lọ. Lọ́jọ́ kan mo bì sáàárín ọjà bí ìwọ ṣe bì yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi padà sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Nígbà tí mo wá dé òkè, Àdùnní wo ìlà méjì tó kù níbẹ̀, tí mo fi sílẹ̀ lófìfo. Ó ti bi mí tẹ́lẹ̀ ohun tí wọ́n jẹ́, mo ní yóò mọ̀ tó bá yá. Lọ́jọ́ yẹn mo sọ fún un: kí n jẹ́wọ́ irọ́ mi fún bàbá rẹ, kí n sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún akọ̀wé náà. Ó ká ìwé náà, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá, mi ò lè bá yín lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn ín."

Mo kọ́kọ́ sọ fún bàbá rẹ. Wọ́n dìde, wọ́n mú àdá, wọ́n lọ sóko, wọn kò sì wálé fún ọjọ́ mẹ́ta. O rántí pé mo sọ fún ọ pé wọ́n ń ṣọ́ kòkó. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Èmi ni mo lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. A jọ ń lọ ni."

Abúlé kan lọ́nà Ejìókù la ti bá akọ̀wé náà, ó ń kọ ebè ẹ̀gẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ ilé bàbá rẹ̀. Ó dá bàbá rẹ mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì di ọkọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Mo wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó ti ya, ẹnìkan sì ti fi òwú tí kò bá a mu rán an. Mo wá gbójú sókè, mo ní, "Ẹ pè mí lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́. Mo sọ pé ẹ kò pè mí. Irọ́ ni mo pa."

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Kí lorúkọ ọmọ yẹn gan-an?"

Mo ní, "Ṣẹ́gun Àjàdí."

Ó tún un pè lábẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Mi ò rí i kà. Ìwé nọ́ọ̀sì yẹn kò já geere. Dìsípẹ́ńsà wà nínú yàrá, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí mi lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo èrò ń wò mí. Mo ní tí mo bá wọlé lọ béèrè, wọn á ní akọ̀wé tí kò mọ̀wé kà nìyí. Mo bá pe èyí tó wá sí mi lẹ́nu. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé àṣìpè ni."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sáàárín ebè, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Mi ò sì bẹ̀ ẹ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá rẹ lọ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún àwọn aláṣẹ kí wọ́n lè dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Wọ́n ní ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí o má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù yìí kì í jẹ olówó rẹ̀ nìkan.

Lọ́jọ́ Ajé, lọ bá ọ̀gá rẹ nígbà tó bá dá wà, kí o sọ fún un pé kì í ṣe ibà, ojú èrò ló ń bà ọ́ lẹ́rù, o sì fẹ́ kọ́ bí wàá ṣe borí rẹ̀. Bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o kọ́kọ́ ka ẹsẹ Bíbélì kan péré nígbà tí olùkọ́ mìíràn bá ń gbàdúrà. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, yan ẹnìkan tí ojú rẹ̀ rọ̀, kí i, kí o sì jókòó títí agogo á fi lù. Má kó ìwé àwọn ọmọ sáyà wọlé. Mo mọ ohun tí o ń fi í bò. Kọ ohun tó o rò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, kí o kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún yín ní ọlidé, a ó jọ lọ sí ilé ìwòsàn n'Ìbàdàn. Jẹ́ kí wọ́n bá ọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì bá ọ kọ ìwé tìrẹ. Tí o bá jókòó síwájú wọn, ẹsẹ̀ tó ní ẹ̀gún ni kí o nà.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ pé ó máa lọ tán. Ní ìpàdé àwọn ìyá lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jáde lọ mí sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo padà wọlé. Ọlọ́run tó dá ohùn sí ọ lọ́fun kò ní jẹ́ kó kú sínú rẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, mò ń bọ̀ ní Ẹgbẹ́dá. Má wá pàdé mi níbi tí ọkọ̀ ń dúró sí, má sì rán ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ ilé rẹ. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá rí ni màá bi pé níbo ni tíṣà tuntun ń gbé. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀rù ti ń bà mí. Màá béèrè síbẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.